Ọkọ̀ Tí Ń Wúkọ́ Níbi Ìkíni

Fìdítì,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2025.

Sofiyullah ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí ọ kú òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo kí ọ kú iṣẹ́ bọ́ọ̀sì tí ò ń tún ṣe ní Leicester, mo sì kí ọ kú ọdún tuntun tí ìwọ kò tíì kí mi. Bí o bá ń ṣe kàyéfì pé èé ṣe tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà, ìdáhùn mi kò yí padà: ohùn tí a gbà sílẹ̀ ṣe é gbọ́, ṣùgbọ́n kò ṣe é fi báírò pupa sàmì sí. Mo kọ ọ́ sí bébà, mo yà á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́. Ìwọ náà kọ tìrẹ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sí mi ni mo fẹ́ sọ. Ọkọ̀ gidi ni, dísẹ́ẹ̀lì tí ó ń mu kò pọ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì bá ọjọ́ orí mi mu. Ṣùgbọ́n láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn ni ó ti ń hu ìwà tí n kò fi kọ́ ọmọ kankan nínú ilé yìí. Bí mo bá ń wà á lọ ní títì, kò sí ohun tí ń ṣe é. Àmọ́ bí mo bá ti dúró láti kí ènìyàn, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, yóò wúkọ́, yóò tu èéfín dúdú, yóò sì kú. Iná kékeré kan tí ó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì tún tàn níwájú mi, aláwọ̀ ọsàn, kò sì kú mọ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó kọjá, mo dúró kí Alhaji Ṣàràfá níwájú ilé wọn, bí wọ́n ti ń lọ sí mọ́ṣáláṣí nínú jálábíà funfun. Wọ́n ń ṣàdúrà fún ọ lọ́wọ́, ìwọ gan-an. Wọ́n ti dé “Ọlọ́run yóò mú Sofiyullah padà wá sí ilé ní…” ni ọkọ̀ rẹ wúkọ́. Nígbà tí èéfín náà yóò fi ká nílẹ̀, jálábíà ti di ti alágbẹ̀dẹ. Wọn kò parí àdúrà náà. Nítorí náà, n kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ dúró sí lọ́dọ̀ Ọlọ́run báyìí.

Ǹ bá fi sùúrù gbà á, bí kì í bá ṣe ti Tíṣà Jesse ní Ìlọrà, tí wọ́n kọ́ mi ní ìwé àti ìwà ní ilé-ìwé gírámà. Wọn kò ríran mọ́, òjìji nìkan ni ó ń ṣú lójú wọn. Ilé ìwòsàn ojú kan ní Ìbàdàn ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún wọn: ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kejì, aago mẹ́jọ àárọ̀. Àlejò ni oníṣègùn tí yóò ṣe é, ìlú rẹ̀ ni yóò sì padà sí lẹ́yìn ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ Tíṣà kò sí nítòsí. Èmi ni mo ṣèlérí pé n ó wà wọ́n lọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí mi lẹ́ẹ̀kan sí i kí àwọn tó kú, kí àwọn lè mọ̀ bóyá mo ṣì ń bojú jẹ́ bí mo ti ń ṣe ní kíláàsì.

Kọ èsì kíákíá, kí o sì kọ ọ́ dáadáa.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fàòsíyà Abdussalam.


Leicester,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2025.

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó jọ pé mo mọ ohun tí ń ṣe ọkọ̀ yín. EGR ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí ẹ́ńjìnnì bá jó dísẹ́ẹ̀lì, sálẹ̀ńsà ni èéfín rẹ̀ ń gbà jáde. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ṣe ọkọ̀ fi páìpù kékeré kan sí i tí ń mú díẹ̀ nínú èéfín yẹn padà sínú ẹ́ńjìnnì, kí iná inú rẹ̀ má baà gbóná jù, kí májèlé tí ń tú sínú afẹ́fẹ́ sì dín kù. Ohun tí ń jẹ́ EGR nìyẹn. Fáàfù kan wà lẹ́nu páìpù náà bí ilẹ̀kùn. Bí ọkọ̀ bá ń rìn, á ṣí díẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró, ó yẹ kí ó pa dé. Tiyín kò pa dé mọ́. Mo rò pé èéfín ti ṣù mọ́ ọn lára bíi dúdú ìdí ìkòkò. Nítorí náà, bí ẹ bá dúró, èéfín ni ẹ́ńjìnnì ń mí sínú dípò afẹ́fẹ́. Ìdí tí ó fi ń wúkọ́ nìyẹn.

Ẹ wá mẹkáníìkì tí ó ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò. Nọ́ńbà tí ó bá jáde, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ìbéèrè kan tún kù: báwo ni ẹ ṣe ń wa ọkọ̀ náà gan-an?

Mò ń sáré lọ síbi iṣẹ́.

Sofi.


Fìdítì,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2025.

Sofiyullah,

Mo kí ọ, nítorí pé bí a bá tilẹ̀ ń bínú, a kì í bínú dé orí ìkíni.

Lẹ́tà rẹ dé. Mo ti fi báírò pupa sí i, mo sì ti yà á ní fọ́tò padà sí ọ; wò ó dáadáa. “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta” kọ́ ni a fi ń kí ìyá tí a kò fojú rí láti ọdún mẹ́rin. O kò béèrè orúnkún mi. O kò béèrè àbúrò bàbá rẹ. Ta sì ni ń jẹ́ Sofi? Èmi àti bàbá rẹ, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, pa àgbò kan nítorí orúkọ yẹn. A kò pa ìdajì àgbò.

Ìbéèrè tí o fi kádìí rẹ̀, n kò ní dáhùn. Mo ti ń wakọ̀ kí a tó bí ọ. N kì í sáré, n kì í fun fèrè mọ́ àgbàlagbà, n kì í sì í kọjá ẹnikẹ́ni láìkí i. Bí ó bá ṣe pé ìwà ọmọlúwàbí ni ó ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, a jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ni kí a kọ́ ní ìwà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ èéfín. Mo ka àlàyé rẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo bọ́ gíláàsì mi, mo gbé e sílẹ̀. Ṣé ohun tí o ń sọ fún mi ni pé àwọn àgbàlagbà jókòó, wọ́n gbèrò, wọ́n sì ṣe ọkọ̀ tí yóò máa kó ohun tí ó ti tu síta padà sí ẹnu? Ewúrẹ́ ń jẹ àpọ̀jẹ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n n kò gun ewúrẹ́ lọ sí ibi kankan rí.

Mo gbé ọkọ̀ lọ bá Ṣàmsúdéènì, mẹkáníìkì kan ní Jobele tí ó ní irú kọ̀ǹpútà tí o wí. P0402 ni ó jáde. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èéfín tí ń padà wọlé ti pọ̀ jù. Mo ní, “Èyí tí kò bá pọ̀ jù ńkọ́, ó dára bí?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyá, a lè dí i pa. Bí a ṣe ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ènìyàn nìyẹn.” Mo ní kí ó dí i. Ó gé agolo mílíìkì, ó lù ú pẹlẹbẹ, ó fi há ẹnu páìpù náà. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ mi kò jẹ àpọ̀jẹ mọ́. Ọ̀rọ̀ parí.

Ìyá rẹ,
Fàòsíyà Abdussalam.


Leicester,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2025.

Ẹ̀yin ìyá mi, Alhaja Fàòsíyà Abdussalam, ẹni tí ó bí mi tí ó sì tún kọ́ mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́, nítorí n kò mọ ìgbà tí ẹ óò ka lẹ́tà yìí. Ẹ kú ọyẹ́. Ẹ kú ìtọ́jú ilé. Orúnkún ọ̀tún ńkọ́? Ti òsì ńkọ́? Àbúrò bàbá mi ńkọ́? Alhaji Ṣàràfá ńkọ́, jálábíà wọn ńkọ́? Orúkọ mi ni Sofiyullah, odidi àgbò.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ agolo yẹn. Ẹ́ńjìnnì náà yóò gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, yóò sì máa dún kọ́-kọ́-kọ́ bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Iná ọsàn yẹn kò ní kú, nítorí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ mọ̀ pé wọ́n ti fi nǹkan dí òun lẹ́nu. Kì í sì í ṣe àpọ̀jẹ. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń da omi ìfọṣọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, tí ẹ máa ń ní omi tí a ti lò ṣì ní iṣẹ́ kan sí i láti ṣe? Bẹ́ẹ̀ ni èéfín yìí rí.

Ohun tí ó yẹ ni kí wọ́n tú fáàfù náà, kí wọ́n fín oògùn tí a fi ń fọ dúdú ẹ́ńjìnnì sí i, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́. Kí wọ́n má fi irin họ ọ́ rárá. Kí wọ́n fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí ibi tí fáàfù ti so mọ́ páìpù, kí èéfín má baà jò, kí wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà pa nọ́ńbà yẹn rẹ́.

Ṣùgbọ́n bí a kò bá mọ ibi tí dúdú yẹn ti ń wá, yóò padà. Ó máa ń ṣù bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró fún ìgbà pípẹ́, tí kò sì ráyè gbóná dáadáa. Mo rántí pé nígbà tí mo wà ní kékeré, bí a bá kúrò nílé tí a ní Ìlọrà là ń lọ, ebi á ti pa mí kí a tó dé Jobele. Ẹ má bínú sí mi o. Bí ẹ bá dúró kí ènìyàn, ṣé ẹ máa ń pa ọkọ̀?

Ọmọ yín,
Sofiyullah.


Leicester,
Ọjọ́ kejì, oṣù kejì, ọdún 2025.

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Ààmì búlúù méjèèjì ti hàn lórí fóònù mi láti ọjọ́ tí mo ti kọ̀wé, nítorí náà mo mọ̀ pé ẹ ti kà á. Ẹ kò dáhùn. Ẹ kò tilẹ̀ fi báírò pupa ránṣẹ́, èyí ni ó sì ń dẹ́rù bà mí jù. Mo pe àbúrò bàbá mi. Wọ́n ní ara yín le, pé ẹ kàn ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ mi nígbà oúnjẹ.

Màmá, ọjọ́ Tíṣà Jesse ti ń sún mọ́lé. Bí ọkọ̀ bá kú sójú ọ̀nà, oníṣègùn yóò lọ, Tíṣà yóò sì wà nínú òkùnkùn títí. Ẹ bínú sí mi bí ó bá ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ yọ agolo. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ gba takisí.

Ọmọ yín tí a kò gbọdọ̀ dárúkọ,
Sofiyullah.


Fìdítì,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì, ọdún 2025.

Sofiyullah ọmọ mi,

Mo kí ọ. Orúnkún ọ̀tún sàn díẹ̀. Ti òsì ń jowú rẹ̀.

N kò dáhùn nítorí pé ó dùn mí. Mo ti kọ́ ọmọ tí ó tó ìlú kan ní ìkíni, ọmọ tèmi wá kọ̀wé láti òkè òkun pé ìkíni mi ni ó ba ọkọ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n iná ọsàn kò kú, bí o ti wí. Nígbà tí mo sì ń gun òkè kan lẹ́yìn Jobele, ẹ́ńjìnnì náà ń dún kọ́-kọ́-kọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin kan nínú ilé ẹ̀bá ọ̀nà fi dáhùn pé, “Ẹ wọlé!”

Mo bá gba ilé Tíṣà Jesse lọ láti fi ọ́ sùn. Mo ka lẹ́tà rẹ fún wọn láti òkè délẹ̀, mo sì ń retí kí wọ́n bá ọ wí. Wọ́n tẹ́tí sí i dé òpin. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Fàòsíyà, ṣé o máa ń pa ọkọ̀?”

Mo ní, “Rárá, sà. Bí mo bá ní kí n máa pa á níbi gbogbo, n kò ní dé ibi tí mò ń lọ.”

“O máa ń sọ̀ kalẹ̀?”

“Orúnkún mi, sà.”

“Mo gbọ́ ti orúnkún. Ọwọ́ ńkọ́, kò lè yí kọ́kọ́rọ́?”

Mo wo kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi.

“Nígbà tí o wà ní kíláàsì mi, bí o bá fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ ní ìta, tí o na ọrùn wọlé, tí o ní o ń kí mi, kí ni mo máa ń ṣe fún ọ?”

“Ẹ máa ń dá mi padà, sà.”

“Ẹni tí ó ń kí ènìyàn tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ké, ọ̀nà ni ó ń kí. Ìkíni ẹlẹ́sẹ̀ kan ni o ti ń kí gbogbo agbègbè Afijio láti ìgbà tí o ti ra mọ́tò. Ọmọ rẹ kò sì sọ pé ìkíni ni ó ba ọkọ̀ jẹ́. Àbí n kò kọ́ ọ kí o máa ka ìwé dé òpin kí o tó bínú?”

Sofiyullah, lórí àga tí mo jókòó sí, mo di ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Mo tọrọ lọ́wọ́ ìwọ náà, lẹ́ẹ̀kan. Má ṣe ní kí n tún un kọ.

Mo padà sọ́dọ̀ Ṣàmsúdéènì pé kí ó yọ agolo rẹ̀. Ó ní, “Ìyá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n dí i!” Mo ní, “Mo mọ̀. Yọ ọ́.” Ó tú fáàfù náà. Dúdú tí ó wà lára rẹ̀ ki bí ọ̀dà. Ó nawọ́ mú sikirudiráfà láti fi họ ọ́, mo gbá a lọ́wọ́, mo sì ka lẹ́tà rẹ sí i létí. Ó ní, “Ẹ̀yin àti ọmọ yín lẹ máa fi lẹ́tà kọ́ mi níṣẹ́ tán.” Ṣùgbọ́n ó fín oògùn sí i, ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ títí ilẹ̀kùn kékeré náà fi ń ṣí wọ̀ọ̀, tí ó ń pa dé wọ̀ọ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun wọlé, nọ́ńbà pa rẹ́, iná kú. Ọkọ̀ dúró níbẹ̀, ó ń mí jẹ́ẹ́ bí ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wí.

Ó ku ohun kan. Ṣàmsúdéènì ní dúdú ṣì wà nínú páìpù níbi tí ọwọ́ kò dé, ìrìn gígùn nìkan ni ó sì lè jó o dànù: kí a sáré, kí ó gbóná, kí a má dúró. Mo gbìyànjú rẹ̀ lánàá. N kò tíì kúrò ní àdúgbò wa tí Ọyatómi eléwé fi nawọ́ sókè sí mi. Ẹsẹ̀ mi lọ tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀. Mo rántí Tíṣà, mo pa ọkọ̀. Ni Ọyatómi bá gbé ọwọ́ lé orí: “Yéè! Ta ló kú?” Ó ní láti ìgbà tí òun ti mọ̀ mí, n kò pa ẹ́ńjìnnì nítorí òun rí, ó ní láti jẹ́ ọ̀rọ̀ òkú.

Bí n ó ti la Fìdítì kọjá lọ́jọ́ kẹtàdínlógún láìdúró, n kò mọ̀.

Ìyá rẹ,
Fàòsíyà Abdussalam.


Leicester,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì, ọdún 2025.

Ìyá mi àtàtà,

Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ bá mi kí orúnkún méjèèjì, kí òsì má baà bínú. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Tíṣà.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní: láti Ìlọrà dé Ìbàdàn, ẹ má dúró. Níbi tí ẹ ti máa ń fi jíà kẹrin, ẹ fi ìkẹta, kí ẹ́ńjìnnì gbé ohùn sókè. Mo mọ̀ pé àárín Fìdítì ni ẹ óò gbà. Mo mọ ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró fún ẹnì kan, ẹ óò dúró fún gbogbo wọn, oníṣègùn kò sì ní dúró fún yín.

Sofiyullah.


Fìdítì,
Ọjọ́ ogún, oṣù kejì, ọdún 2025.

Sofiyullah ọmọ mi,

Mo kí ọ tọkàntọkàn. Jókòó kí o tó ka èyí.

Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni a kúrò ní Ìlọrà. Tíṣà jókòó níwájú nínú kóòtù tí wọ́n máa ń wọ̀ kọ́ wa. Mo sọ fún wọn pé Fìdítì ń bà mí lẹ́rù ju ọ̀nà lọ. Wọ́n ní, “Ìwọ wa ọkọ̀. Ìkíni di tèmi.” Wọ́n sọ gíláàsì ilẹ̀kùn ọkọ̀ kalẹ̀, wọ́n yọ orí síta.

Bí a ti wọ Jobele ni wọ́n bẹ̀rẹ̀: “Ẹ kú àárọ̀ o! Fàòsíyà ní kí n kí yín!” Ohunkóhun tí ó bá ti ṣú lójú wọn bí òjìji, wọ́n á kí i. “Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà!”

“Òkìtì ẹ̀gẹ́ ni, sà.”

“Kò burú. Yóò jíṣẹ́ fún ẹni tí ó ni ín.”

“Ẹ kú ìdúró o!”

“Òpó iná ni, sà.”

“Ó ti dúró pẹ́ níbẹ̀. Ó yẹ kí a kí i.”

A wọ Fìdítì. Sofiyullah, gbogbo ìlú ni ó jáde, bí ẹni pé wọ́n ránṣẹ́ pè wọ́n. Ọyatómi nawọ́. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ lọ bá bíréèkì, mo fi ọwọ́ di itan mi mú. Nígbà tí Alhaji Ṣàràfá rí ọkọ̀ mi lókèèrè, wọ́n ká jálábíà wọn sókè, wọ́n sì sá wọ inú ilé. Tíṣà kí ilẹ̀kùn wọn. Omijé ń bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jáde sí gbangba, tí mo fi jíà kẹta sí i, ọkọ̀ tu èéfín dúdú kan jáde, ó tún tu kékeré, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Tíṣà tẹ́tí sí i. Wọ́n ní, “Ó ti hú gbogbo rẹ̀ dànù.” Aago mẹ́jọ kò tíì lù tí a fi dé.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Ní òwúrọ̀ kejì, nọ́ọ̀sì tú aṣọ kúrò lójú wọn. Wọ́n wò mí pẹ́.

“Fàòsíyà, o ṣì ń bojú jẹ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ó dára. Ẹ̀rù ti ń bà mí pé ó lè ti yí padà.”

Nígbà tí a ń bọ̀, gbogbo ẹni tí mo kọjá ni mo dúró fún. Mo pa ọkọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tíṣà sì ní kí n fi òpó iná yẹn hàn wọ́n. Wọ́n ti ń sọ ní ìlú pé ìgbéraga ti gùn mí, àwọn kan ní mo jí ọkọ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ti dákẹ́, ojú wọn rọ̀. Nísinsìnyí, bí ẹnikẹ́ni bá ń kí ènìyàn ní àdúgbò wa láìpa ohun tí ó gùn, wọ́n á ní, “Ṣé ọ̀nà lò ń kí ni?” Ọlọ́kadà kan ti gbọ́ tirẹ̀ lánàá.

Mo fi Alhaji Ṣàràfá ṣe ìkẹyìn. Wọ́n dúró sí ẹ̀yìn fèrèsé.

“Ṣé ó ti kú?”

“Ó ti kú, Alhaji.”

“Pátápátá?”

Mo na kọ́kọ́rọ́ sókè kí wọ́n rí i. Wọ́n jáde wá, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n sì mú àdúrà náà láti ibi tí ọkọ̀ ti já a: “…ní ọdún yìí, pẹ̀lú àlàáfíà ara, kí ó wá kí ìyá rẹ̀ lójúkojú.”

Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí ẹ́ńjìnnì tí n bá fi bo ohùn mi. Nígbà tí mo ṣe àmín, gbogbo àdúgbò gbọ́ bí ó ti rí lẹ́nu mi.

Àdúrà ti pé. Ìwọ ni ó kù. Bí o bá dé, má ṣe fun fèrè lẹ́nu géètì. Pa ọkọ̀, kí o sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé.

Ìyá rẹ,
Fàòsíyà Abdussalam.